Lajos Kossuth: Agbẹjọ́rò tó fi lẹ́tà jí Húngárì dìde

Bí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta bá ti pé lọ́dọọdún, tèwe tàgbà ní Húngárì á so rìbọ́ọ̀nù pupa, funfun àti àwọ̀ ewé mọ́ àyà. Ọdún 1848 ni wọ́n ń rántí, nígbà tí wọ́n dìde sí ìjọba Austríà tó ń jẹ gàba lé wọn lórí. Orúkọ Lajos Kossuth ni gbàgede ilé aṣòfin wọn ní Budapest ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ogun tó kó wọn lọ jà, wọn ò borí nínú rẹ̀. Kí ló wá sọ ọ́ di akọni?

Òfin de ìwé títẹ̀, kò de lẹ́tà

Ọdún 1802 ni wọ́n bí i ní Monok, sínú ìdílé ọlọ́lá tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí jájẹ. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ló kọ́. Lọ́dún 1832, ó wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń jókòó ní Pozsony, ìlú tó ń jẹ́ Bratislava lónìí. Ìjọba kò gbà kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jáde bó ṣe wù wọ́n. Kossuth dọ́gbọ́n sí i: ó ń kọ ìròyìn náà bíi lẹ́tà, àwọn ọ̀dọ́ ń fọwọ́ dà á kọ, wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri.

Lọ́dún 1837, wọ́n gbé e jù sẹ́wọ̀n. Bíbélì àti ìwé Shakespeare ló fi kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn tó jáde, ó di olóòtú ìwé ìròyìn Pesti Hírlap, ó ń pariwo pé kí àwọn ọlọ́lá náà máa san owó orí, kí àwọn àgbẹ̀ tó ń sìn wọ́n sì gba òmìnira.

Ogun dé

Nígbà tí rògbòdìyàn gba Yúróòpù kan lọ́dún 1848, Húngárì ní ìjọba tirẹ̀, Kossuth sì di mínísítà ìṣúná. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, 1849, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Debrecen, wọ́n kéde pé àwọn ti kúrò lábẹ́ Habsburg, ìdílé ọba Austríà. Ọba Rọ́ṣíà bá kó ọmọ ogun bíi 200,000 wá ti Austríà lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹjọ, Húngárì túúbá. Ní oṣù Kẹwàá, Austríà pa ọ̀gágun Húngárì 13 ní Arad. Kossuth ti sá lọ sí Túrkì.

Òmìnira ta ni?

Lọ́dún 1851, Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ lẹ́wọ̀n ló fi ń bá ogunlọ́gọ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Àmọ́ kò sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹrú tó wà lóko òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà, torí ó ń wá ìrànwọ́ lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì. William Lloyd Garrison, tó ń gbógun ti ìfiniṣẹrú, kò dárí jì í. Nílé náà, àwọn ará Kroatíà, Sébíà àti Romaníà tó wà lábẹ́ Húngárì ń béèrè ẹ̀tọ́ tiwọn. Oṣù Keje, 1849, nígbà tí ogun ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, ni òfin tó gbà fún wọn tó jáde.

Lọ́dún 1867, Húngárì àti Austríà ṣe àdéhùn láti parí ìjà. Láti ìgbèkùn, Kossuth kọ lẹ́tà sí Ferenc Deák, tó ṣagbátẹrù àdéhùn náà, ó ní àdéhùn yìí yóò fa Húngárì sínú ìjà onítìjà. Ó kú ní Turin lọ́dún 1894, ojú rẹ̀ ò tó o. Ogun àgbáyé kìíní dé, Húngárì bá Austríà jà á, wọ́n sì pàdánù. Ní 1920, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gbà á ni àwọn tí Kossuth pẹ́ kó tó fetí sí.