Ta Ló Kọ́kọ́ Ya Ìgbésí Ayé Ara Rẹ̀?

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù ìwé ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń ṣí Maus wò, ni bàbá àgbàlagbà kan bá na ọrùn wò ó. “Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí,” ni wọ́n wí, “ẹ rò pé ìgbà tiyín ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àwòrán pìtàn. Níbo lẹ wà nígbà tí à ń ka Atọ́ka?”

Òótọ́ lọ̀rọ̀ bàbá. Ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1960 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í to fọ́tò àwọn òṣèré tíátà wa tẹ̀ léra, tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n eré nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ya ohun tójú ẹ̀ rí láyé ni mò ń wá.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ kò gùn: Art Spiegelman ya ìyà tó jẹ bàbá rẹ̀ lábẹ́ Hitler sínú Maus, ó fi Júù ṣe eku, ó fi Jámánì ṣe ológbò, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1992.

Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Àwọn kan ní Justin Green ni, ará Amẹ́ríkà tó ya ìbẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà gbìn sí i lọ́kàn ní kékeré. Ọdún 1972 nìyẹn, Spiegelman fúnra rẹ̀ sì gbà pé ibẹ̀ lòun ti rí ọ̀nà. Àwọn mìíràn ní ẹ dúró ná, ọdún yẹn kan náà ni Keiji Nakazawa gbé tirẹ̀ jáde ní Japan.

Ọmọ ọdún 6 ni Nakazawa nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Hiroshima, lọ́jọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Ẹnu géètì ilé ìwé ló wà. Ògiri ibẹ̀ ló gbà á là. Bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin há sábẹ́ ilé tó wó, iná sì jó wọn mọ́bẹ̀. Ó dàgbà, ó lọ sí Tokyo, ó ń ya ìwé ọmọdé jẹun, kò sì sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù fẹ́nì kan. Ní 1966, ìyá rẹ̀ kú. Àṣà wọn ni pé bí wọ́n bá sun òkú tán, ẹbí á fi igi tín-ín-rín ṣa egungun rẹ̀ sínú ìkòkò. Nakazawa wò títí, kò rí egungun kan tó ṣeé ṣà. Eérú àti ẹ̀rún funfun ló bá. Ó gbà pé bọ́ǹbù Hiroshima ló ti jẹ egungun ìyá òun tán. Inú bí i débi pé dídákẹ́ kò ṣeé ṣe mọ́. Ìbínú náà ló bí ìwé 1972, òun ló sì bí Barefoot Gen lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Èmi kò gbè sẹ́yìn èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Miné Okubo ni tèmi. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Japan ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba kó àwọn èèyàn bíi tirẹ̀ tó lé ní 100,000 sí àgọ́; yàrá ẹṣin ni wọ́n fi òun wọ̀ sí ní pápá ìdíje ẹṣin Tanforan. Wọ́n ka kámẹ́rà léèwọ̀. Okubo bá fi èédú àti tàdáwà ya ìlà oúnjẹ, ó ya eruku, ó ya ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwòrán, tó ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn. 1946 ni Citizen 13660 jáde. Nọ́ńbà tí ìjọba fún ẹbí rẹ̀ ló fi sọ ìwé náà. Ọmọ ọdún 6 ní Hiroshima kò ní kámẹ́rà, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún Okubo: lójú mi, ibẹ̀ ni irú ìwé yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ó dùn mí pé títí dòní, ọ̀pọ̀ òbí wa ń pe irú ìwé yìí ní ìwé ọmọdé. Àwọn ọ̀dọ́ tó sì ń kà á, orí fóònù ni, àwòrán kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ti fìka gbá a kọjá kí wọ́n tó rí obìnrin tó dúró ní ẹ̀gbẹ́.