Ooru, Òjò àti Ọyẹ́: Ohun Tí Wọ́n Ń Ṣe Lára Ọmọ Òrukàn

Bismillaahir-Rahmaanir-Raheem.



Nínú Súrà An-Nahl, Ọlọ́hun Ọba ka aṣọ tó ń gba ara lọ́wọ́ ooru mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n kí aṣọ tó kan ara, Ọlọ́hun ti fi ìṣọ́ mìíràn sínú ara fúnra rẹ̀. Ìṣọ́ yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni yóò mọ ohun tó yẹ kí a fi owó sàká àti sàráà ṣe fún ọmọ òrukàn, àti ìgbà tó yẹ kí a ṣe é.

Bí ara ṣe ń ṣọ́ ara rẹ̀

Bó ti wù kí ojú ọjọ́ rí, inú ara ènìyàn kì í fẹ́ kúrò ní nǹkan bí ìwọ̀n 37 ti Celsius. Ibì kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń ṣọ́ èyí tọ̀sán-tòru. Bí ooru bá mú, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ a fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a gbé ooru wá síta, òógùn a sì jáde. Òógùn tó ń ṣàn nìkan kì í mú ara tutù. Gbígbẹ tó ń gbẹ lára ni ó ń kó ooru lọ. Bí òtútù bá dé, iṣan ẹ̀jẹ̀ a fún, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a tutù, irun ara a dìde, ara a sì máa gbọ̀n. Iṣẹ́ ni gbígbọ̀n yìí: ẹran ara ń ṣiṣẹ́ kí ooru lè ti inú rẹ̀ jáde. Oúnjẹ ni igi ìdáná rẹ̀.

Ìgbà ooru

Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni ooru máa ń mú jù l'Ékòó. Ọ̀sán a máa tó ìwọ̀n 33. Ẹni tó bá dúró ní Warehouse Road ní Apapa lọ́sàn-án yóò rí i pé ọ̀dà ojú títì, ògiri ilé ìkẹ́rùsí, páànù àti ẹ́ńjìnnì tírélà tún ń fi tiwọn kún un. Ọ̀rinrin òkun wà nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà òógùn kì í tètè gbẹ. Alábàárù lè láàgùn títí kí ara rẹ̀ má tutù. Omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ló kàn ń lọ.

Ara a máa kọ́ ooru. Bí ènìyàn bá ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, òógùn rẹ̀ yóò máa tètè jáde, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò sì dín kù. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a ti ọmọ tí kò bá oòrùn mọ́ra jáde lójijì láti máa kiri pure water. Bí ara ẹni bá gbóná bí iná, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, kí a gbé e sí ibòji, kí a da omi tútù sí i lára, kí a máa fẹ́ ẹ, kí a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ọdún 2024, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ni Ramadan bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni. Àárín ooru gan-an ni méjèèjì. Omi tí a bá mu ní sààrì ṣe pàtàkì. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) náà gbà wá níyànjú pé kí a fa ìrun Àyílà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí ooru bá le.

Ìgbà òjò

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọyẹ́ nìkan ni òtútù Èkó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni ọ̀sán máa ń tutù jù, ní nǹkan bí ìwọ̀n 28. Ìwọ̀n yìí kò le fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n l'Ájégúnlẹ̀, níbi tí omi òjò ti ń wọ yàrá, aṣọ àti ẹní a máa tutù mọ́ ọmọ lára, ohun tó tutù sì máa ń fa ooru ara lọ kíákíá ju ohun gbígbẹ lọ. Ara ọmọdé kéré, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ pọ̀ ju bí ara rẹ̀ ṣe tó lọ, nítorí náà ooru rẹ̀ tètè ń jáde. Ọmọ tuntun kò tilẹ̀ mọ gbígbọ̀n; ọ̀rá kan tí Ọlọ́hun fi sí i ní ọrùn àti èjìká ló ń jó láti mú un móoru. Ọmọ tó rù kò ní ọ̀rá tí yóò jó. Bí òrukàn bá sùn pẹ̀lú ebi lórí ẹní tútù, ìyà méjì ló ń jẹ.

Ìgbà ọyẹ́

Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ Sàhárà a máa gbé eruku wá. Imú a gbẹ, ètè a là, ikọ́ fée a gbérí. Nínú òtútù, òùngbẹ kì í gbẹ ènìyàn tó bó ti yẹ, ìtọ̀ sì ń pọ̀ sí i, omi ara a sì dín kù láìfura. Òtútù àti àìtó omi yìí lè fa ìrora fún ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n sì máa fi òrí para. Ẹ má ṣe gbé iná èédú wọ yàrá tí wọ́n ń sùn. Èéfín rẹ̀ ń pani lójú oorun. Aláìsàn tí omi àlùwàlá lè pa lára ní àyè láti ṣe tayammum.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Nínú Súrà At-Tawbah, ìpín mẹ́jọ ni Ọlọ́hun ka fún sàká. A kò dárúkọ òrukàn lọ́tọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà òṣì àti àìní ló ń gbà wọlé. Òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n sàráà gba gbogbo wọn. Ní Ramadan ni ọ̀pọ̀ wa ń yọ sàká, a sì ń ná an tán kí òjò tó dé. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí sàráà yín tẹ̀lé ìgbà: kúbùsù, ibùsùn tó ga sílẹ̀ àti àwọ̀n ẹ̀fọn kí oṣù Kẹfà tó wọlé, òrí, súẹ́tà àti oògùn kí oṣù Kejìlá tó dé, omi mímu àti owó oúnjẹ ní gbogbo ìgbà. Kúbùsù tí a fún ọmọ nínú ooru oṣù Kẹta lè ti di títà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa di ẹni tí a ń wá aṣọ fún. Àmín.

Ma‘a salaam.