Ìwé Ayédèrú tí a Fi Orúkọ Niger Kọ

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2003, George W. Bush, ẹni tí ó jẹ́ Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, dìde níwájú àwọn aṣòfin ilẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kan tí kò ju ọ̀rọ̀ 16 lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó sọ ni pé ìjọba Ìlú Ọba ti wádìí mọ̀ pé Saddam Hussein, olórí ilẹ̀ Ìráàkì, lọ wá yuréníọ̀mù púpọ̀ ní Áfíríkà láìpẹ́ sí ìgbà náà. Kò dárúkọ orílẹ̀-èdè kan, ṣùgbọ́n Niger tí ó bá Nàìjíríà pààlà níhà àríwá ni àwọn amí ní lọ́kàn jù lọ. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀. Gbólóhùn yìí nìkan kọ́ ni ó dá ogun náà sílẹ̀, nítorí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Ìráàkì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó wà lára èyí tí ó já àwọn ènìyàn láyà jù lọ, nítorí ta ni yóò gbọ́ orúkọ bọ́ǹbù átọ́míìkì tí kò ní í wò sọ́tùn-ún wò sósì?

Yuréníọ̀mù jẹ́ ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ tí ó wúwo ju òjé lọ. Bí a bá wà á, tí a lọ òkúta rẹ̀, tí a sì fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́, yóò di ìyẹ̀fun tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ìyẹ̀fun yìí kò lè pa ìlú run bí ó ti wà. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yuréníọ̀mù, èyí tí ó wúlò fún bọ́ǹbù kò tó ìwọ̀n kan, iṣẹ́ àti ṣà á yọ sì gba ẹ̀rọ púpọ̀, owó púpọ̀ àti ọdún púpọ̀. Ní Niger, inú aṣálẹ̀ ní Arlit ni iṣẹ́ wíwà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971. Ibi kejì, Akouta, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978, a sì tì í ní ọdún 2021. Ní àkókò tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ni ó ń darí ibi méjèèjì, ìjọba Niger ní ìpín tirẹ̀, àwọn onípìn-ín láti Jàpáànù àti Sípéènì sì wà ní Akouta. Gbogbo ohun tí wọ́n ń rí wà jáde lọ́dún kan jẹ́ nǹkan bí 3,000 tọ́ọ̀nù.

Ọ̀nà tí ẹrù yìí ń gbà dé etí òkun la ilẹ̀ Yorùbá já. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gbé e láti Arlit wá sí Parakou, ọkọ̀ ojú irin a sì gbà á níbẹ̀, a gbé e gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí èbúté Kútọ̀nù. Ẹni tí ó bá ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí ó gba Ṣakí kọjá ẹnubodè, ìhà ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ náà ni yóò bọ́ sí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aláṣẹ ní Washington àti London ń jiyàn lórí ohun tí ó ti Niger jáde tàbí tí kò jáde, ohun tí ó ń kọjá lẹ́bàá ilé àwọn ìbátan ará Òkè-Ògùn ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó bi ará Òkè-Ògùn léèrè.

Ibo ni ìròyìn náà ti wá? Ní oṣù Kejì ọdún 1999, Wissam al-Zahawie, ikọ̀ Ìráàkì sí ààfin Póòpù ní Róòmù, lọ sí Niamey. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kò ju kí òun pe Ààrẹ Ibrahim Baré Maïnassara wá ṣe àbẹ̀wò sí Ìráàkì. Ààrẹ náà kò rí ìrìn àjò yẹn rìn, nítorí wọ́n pa á ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, àwọn olè fọ́ ilé-iṣẹ́ ikọ̀ Niger ní Róòmù. Ohun iyebíye tí wọ́n kó kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ní bébà ìkọ̀wé ìjọba àti òǹtẹ̀ wà nínú ohun tí a kò rí mọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni SISMI, ilé-iṣẹ́ amí ilẹ̀ Ítálì, fi tó CIA ti Amẹ́ríkà létí pé Niger àti Ìráàkì ti ṣe àdéhùn lórí yuréníọ̀mù.

Nígbà tí Dick Cheney, igbákejì Ààrẹ, béèrè ní oṣù Kejì ọdún 2002 bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an, CIA rán Joseph Wilson lọ sí Niamey. Wilson ti ṣe ikọ̀ Amẹ́ríkà ní Gàbọ́ọ̀nù rí, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Niger pẹ̀lú. Kì í ṣe òun nìkan ni ó wádìí: Barbro Owens-Kirkpatrick, ikọ̀ Amẹ́ríkà tí ó wà ní Niamey, ti bi àwọn aláṣẹ ibẹ̀ léèrè, Ọ̀gágun Carlton Fulford náà sì lọ síbẹ̀ ní oṣù kan náà. Wilson padà wá pẹ̀lú àlàyé tí ó bọ́gbọ́n mu. Ó ní ilé-iṣẹ́ Faransé àti àwọn onípìn-ín yòókù ni ó mọ iye tí a wà, iye tí a tà àti ẹni tí ó rà á. Kò sí bí a ṣe lè yọ 500 tọ́ọ̀nù, tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo èyí tí a ń wà lọ́dún, kí àwọn wọ̀nyí má mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú ìròyìn rẹ̀. Ibrahim Mayaki, tí ó ti jẹ́ Olórí Ìjọba Niger, sọ fún un pé ní ọdún 1999 oníṣòwò kan wá bẹ òun pé kí òun bá àwọn ará Ìráàkì kan sọ̀rọ̀ kí òwò àárín ìlú méjèèjì lè gbòòrò sí i. Mayaki rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé yuréníọ̀mù ni wọ́n ń wá, nítorí yàtọ̀ sí màlúù, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà, kí ni Niger tún ní tà? Ó sì mú ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn, nítorí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ka òwò pẹ̀lú Ìráàkì léèwọ̀. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ yuréníọ̀mù létí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìròyìn yìí dé Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń yẹ ìròyìn amí wò ní ó gbe ẹ̀sùn àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀; Wilson alára gbà pé ó bì í ṣubú ni. Ìròyìn kan náà ni, ọgbọ́n orí tí a fi kà á ni ó yàtọ̀.

Ìlú Ọba tẹ ìwé kan jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ó sì fi ẹ̀sùn náà sínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà pa ìmọ̀ pọ̀ kọ ìwé lórí Ìráàkì, ẹ̀ka ìwádìí ti ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kò fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọ̀rọ̀ yuréníọ̀mù Áfíríkà mú iyèméjì púpọ̀ dání. Ní oṣù kan náà, George Tenet, olórí CIA, mú kí wọ́n yọ gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ fẹ́ sọ ní Cincinnati. Gbólóhùn tí a lé jáde lójúde ni ó tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní oṣù Kìíní, tí a wá fi Ìlú Ọba ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Tenet jẹ́wọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2003 pé kò yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè gidigidi. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí Ààrẹ náà lò lédè Gẹ̀ẹ́sì lè dúró fún ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹni, ó sì lè dúró fún ohun tí a mọ̀ dájú. Ẹni tí yóò tú u sí Yorùbá kò lè fara pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí ó yan ọ̀kan. Bí ó bá ní Ìlú Ọba “gbọ́ pé,” ẹrù òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn ẹni tí ó sọ ọ́ fún wọn. Bí ó bá ní Ìlú Ọba “mọ̀ pé,” olùtumọ̀ pàápàá ti fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Bí ọdẹ kan bá ti inú igbó Ọ̀yọ́ Ilé dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tí ó ní ẹfọ̀n wà lẹ́bàá odò, ìbéèrè tí àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé ó rí ẹfọ̀n ni, àbí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ni ó rí, àbí wọ́n ní ọdẹ mìíràn rí i. Ọ̀rọ̀ ìṣe kejì nínú gbólóhùn náà kò sì ju “wá” lọ. Ẹni tí ó wá iṣẹ́ kò tí ì ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi dé etí ará ọjà, “wá” ti di “rà.”

Ìwé tí wọ́n ní ó jẹ́ ẹ̀rí àdéhùn náà wà lọ́wọ́ Rocco Martino, ọmọ Ítálì kan tí ó ti ṣe amí rí, tí ó sì ń ta ìròyìn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002 ó kó o fún Elisabetta Burba, akọ̀ròyìn ìwé *Panorama*, òun náà sì mú un lọ fún ilé-iṣẹ́ ikọ̀ Amẹ́ríkà ní Róòmù. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2003 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ IAEA lọ́wọ́, àjọ àgbáyé tí ń mójú tó agbára átọ́míìkì. Jacques Baute tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kò nílò amí kankan; íntánẹ́ẹ̀tì tó o. Lẹ́tà kan tí a kọ ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2000 sí lára ní ìfọwọ́sí Allele Habibou gẹ́gẹ́ bí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ti kúrò nípò yẹn láti ọdún 1989. Lẹ́tà mìíràn tí wọ́n ní Ààrẹ Tandja kọ tọ́ka sí òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1965, nígbà tí ó jẹ́ pé ti ọdún 1999 ni Niger ń lò. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, Mohamed ElBaradei, olórí IAEA, sọ fún Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé ayédèrú ni ìwé náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti irọ́ yìí, òtítọ́ bá a nígbà tí ó ku ọjọ́ 13 kí ogun bẹ̀rẹ̀, ogun sì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Àríyànjiyàn kò parí síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ Lord Butler ní Ìlú Ọba sọ ní oṣù Keje ọdún 2004 pé ẹ̀sùn náà ní ìpìlẹ̀ tí ó dára, pé ìrìn àjò ọdún 1999 ni ìròyìn wọn dá lé, kì í ṣe ìwé ayédèrú náà. Ní ọdún kan náà, Charles Duelfer àti àwọn tí ó wá gbogbo ilẹ̀ Ìráàkì fínnífínní kò rí ẹ̀rí pé ó wá yuréníọ̀mù lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn ọdún 1991. Kò ṣòro láti mọ èyí tí ó wúwo jù nínú méjèèjì. Butler wo ohun tí àwọn amí ní lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, Duelfer wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orí ti àkọ́kọ́ dá ara rẹ̀ láre lè jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé òun mọ̀.

Ní ti Wilson, lẹ́yìn tí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé ìròyìn *New York Times* ní oṣù Keje ọdún 2003, wọ́n tú àṣírí aya rẹ̀, Valerie Plame, pé CIA ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ náà gùn, ó sì mú kí ilé ẹjọ́ dá Lewis Libby, olórí òṣìṣẹ́ Cheney, lẹ́bi irọ́ lábẹ́ ìbúra ní ọdún 2007. Ìyẹn ni ó gba àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́kàn. Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ kọ ìwé èké kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Nígbà tí Hama Amadou, Olórí Ìjọba Niger, sọ̀rọ̀ ní oṣù Keje ọdún 2003, ó ní kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀rí mú un jáde. Ó rán wọn létí pé Niger rán ọmọ ogun tirẹ̀ lọ bá wọn jagun Ìráàkì ní ọdún 1991.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń jiyàn kì í fẹ́ dárúkọ. Ìráàkì kò ṣaláìní ìyẹ̀fun yìí. Ó ti ra púpọ̀ ní àwọn ọdún 1980, ó rà ní Niger pẹ̀lú, ní gbangba, IAEA sì mọ̀ nípa rẹ̀. Nǹkan bí 550 tọ́ọ̀nù wà ní Tuwaitha lẹ́bàá Bàgídáàdì tí èdìdì IAEA wà lára rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ó sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wá 500 tọ́ọ̀nù kiri nínú aṣálẹ̀ Niger. Ní ọdún 2008 ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Kánádà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Cameco ti rà á.