Bí Ọmọṣẹ́ Kò Bá Mọ̀ Ọ́n, Ta Ló Jẹ̀bi?

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló gbà pé táwọn bá ti ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọṣẹ́ tuntun, àwọn ti kọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ náà á ní, “Ó ti yé mi, sà.” Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá ku òun nìkan ní ṣọ́ọ̀bù, ó lè máa rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá sọ, ó lè jó ọjà, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Ta ló jẹ̀bi? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ sójú ogun. Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ilé ẹ̀rọ rí, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin, ló bọ́ sípò wọn, kò sì sí àyè láti kọ́ṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Lọ́dún 1940, ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Training Within Industry. Àwọn ọ̀gá ni ètò náà kọ́, kí àwọn náà lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. Kó tó parí lọ́dún 1945, àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun, ó dé ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ Toyota sì gbà á lò. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, olùkọ́ kò tíì kọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀nà náà ní. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọmọṣẹ́ lè lò ó.

Àkọ́kọ́, ẹ fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù má bà á. Ẹ béèrè ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dúró síbi tó ti máa rí ọwọ́ yín dáadáa.

Ìkejì, ẹ ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa sọ ìdí rẹ̀. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù, torí epo tó bá ta sára irin gbígbóná lè gbiná. Ìta ni kó máa wà, torí èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn nínú yàrá.

Ìkẹta, ẹ jẹ́ kó ṣe é lójú yín. Bó bá ṣì í, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ láìbú u. Ẹ ní kó tún un ṣe, kó sì ṣàlàyé ìdí ohun tó ń ṣe fún yín. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Ọmọ tí a kọ́ láti bọ̀wọ̀ fágbà kì í fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá kò yé òun.

Ìkẹrin, ẹ fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ẹ sọ ẹni tó lè bi nígbà tí nǹkan bá rú u lójú, kẹ́ ẹ sì máa yọjú sí i lemọ́lemọ́. Bó bá ti ń mọ̀ ọ́n sí i, ẹ dín yíyọjú náà kù.

Bákan náà ni nílé, bó jẹ́ sítóòfù gáàsì lọmọ fẹ́ tàn tàbí oògùn màmá àgbà ló fẹ́ wọ̀n. Ẹ má wulẹ̀ bi í pé, “Ṣé ó yé ẹ?” Ẹ ní, “Ó yá, ṣe é kí n rí i.”