Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Tètè Yẹ Ojú Ọmọ Yín Wò

Ọmọdé lè máa ṣeré, kí ó sì máa kàwé, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ó fi ń ríran dáadáa. Kò ní ṣàròyé, nítorí kò mọ̀ pé ó yẹ kí ojú méjèèjì ríran dọ́gba. Bí ojú kan bá yà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí tí agbára ìríran rẹ̀ kò tó ti èkejì, ọpọlọ a máa gbára lé èyí tí ó dára, a sì pa èkejì tì.

Ìtọ́jú wà fún un. Dókítà ojú lè ní kí ọmọ máa lo awò ojú, tàbí kí a máa bo ojú tí ó dára fún wákàtí mélòó kan lójoojúmọ́, kí ọpọlọ lè kọ́ láti lo èyí tí ó pa tì. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: ìtọ́jú yìí máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ kí ọmọ tó pé ọdún 7.

A rọ̀ yín, ẹ bo ojú ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń kọ̀ kí ẹ bo ọ̀kan ju èkejì lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ kò tilẹ̀ rí àmì kankan, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò kí ó tó wọ ilé ìwé.