Bí Ọ̀fìnkìn Ṣe Ń Ti Ilé-Ìwé Wọ Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ta ni ó sábà máa ń gbé wọn wọlé, ọ̀nà wo sì ni wọ́n ń gbà dé ara àwọn yòókù?

Èdè wa ti fi ìdáhùn kan sí wa lẹ́nu. Bí ọmọ bá ń sín, tí ikun ń yọ nímú rẹ̀, a ó ní "òtútù mú un." Orúkọ yìí ni ó mú kí a máa di ẹ̀bi ru òjò àti ọyẹ́. A ó ti fèrèsé pa, gbogbo ilé yóò sì sùn mọ́ra nínú yàrá kan. Bẹ́ẹ̀ ni òtútù lásán kò lè bí ọ̀fìnkìn. Kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn ni ó sì ń lọ. Itọ́ tí ń fọ́n jáde nígbà tí a bá wúkọ́ tàbí tí a sín ń gbé e. Afẹ́fẹ́ yàrá tí a tì pa ń gbé e. Ọwọ́ tí ó nu imú, tí ó tún fi kan ojú ẹlòmíràn, ń gbé e pẹ̀lú.

Kí ni ìdí tí ó fi sábà jẹ́ ọmọdé? Lọ́nà kìíní, ara ọmọdé kò tí ì mọ púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí, nítorí náà wọn a máa pẹ́ lára rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá ń tú kòkòrò àrùn ìnfúlúẹ́ńsà jáde fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7, ti ọmọdé lè ju ọjọ́ 10 lọ. Lọ́nà kejì, ọmọdé kò mọ bí a ti ń bo ẹnu. Lọ́nà kẹta, ìjókòó kan náà ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí nílé-ìwé. Bí ó bá sì délé, òun náà ni yóò pọn àbúrò rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn wádìí èyí ní Kilifi, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ní 2009 sí 2010. Fún oṣù 6, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gba omi imú gbogbo ará ilé, ìbáà ṣe aláìsàn tàbí ẹni tí ara rẹ̀ le. Kòkòrò tí a ń pè ní RSV ni wọ́n ń wá. Wọ́n rí i pé nígbà tí ọmọ ọwọ́ bá kó o nínú ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń lọ sílé-ìwé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ní in.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo nìyí. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán fún ẹ̀gbọ́n lè di àrùn àyà fún àbúrò, nítorí pé ihò tí èémí ọmọ ọwọ́ ń gbà tín-ín-rín. Ní 2019, a ṣírò rẹ̀ pé RSV pa ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 tí ó lé ní 100,000 káàkiri àgbáyé, púpọ̀ jù lọ wọn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ ọmọdé di ọ̀daràn. Nígbà tí àrùn COVID-19 bẹ̀rẹ̀ ní 2020, àgbàlagbà ni ó sábà ń gbé e wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí fèrèsé. Kí ẹni tí ń wúkọ́ má ṣe pọn ọmọ ọwọ́, kí gbogbo ilé sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbé e. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ ọmọ láti wúkọ́ sí apá, kì í ṣe sí àtẹ́lẹwọ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí ó lọ sinmi nílé láìsí ẹ̀gàn. Bí ọmọ ọwọ́ bá sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń tẹ̀ wọnú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de àgbo.

A lè máa wí pé òtútù mú ọmọ, èdè wa ni. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ẹnìkan ni ó kó o ràn án.