Fítámì A àti Ibi Ọmọ: Ohun Tó Yẹ Kí Aláboyún Mọ̀

Nínú Sūratu Zumar, āyah 6, Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí á mọ̀ pé inú òkùnkùn mẹ́ta ni Òun ti ń ṣẹ̀dá wa nínú ìyá wa. Àwọn onímọ̀ Tafsīr ṣàlàyé pé ikùn, ilé ọmọ àti ibi ọmọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi ọmọ yìí, ekejì ọmọ, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Òun ló ń gba oúnjẹ àti atẹ́gùn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá fún ọmọ. Fítámì A wà lára ohun tó ń mú kí ó dàgbà, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì là dáadáa. Ipasẹ̀ rẹ̀ náà ni fítámì yìí ń gbà dé ojú, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Bí kò bá tó lára ìyá, ojú rẹ̀ lè má ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tó bá rí èyí, kí ó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ léwu. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pàápàá, ó lè fa àbùkù sí ara ọmọ. Lọ́dún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí wọ́n má ṣe máa fún gbogbo aláboyún ní oògùn rẹ̀, àfi níbi tí àìtó rẹ̀ bá ti le gan-an. Níbẹ̀ pàápàá, kò gbọdọ̀ ju yúnìtì 10,000 lọ lóòjọ́. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ ọdún kan sí márùn-ún ní ibùdó ìlera jẹ́ 200,000. Aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án!

Ẹ̀dọ̀ àgbò Iléyá ńkọ́? Fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gé ẹran mìíràn fún aláboyún yín.

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ohun tó dára kò jìnnà sí wa: epo pupa, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ùgú, máńgòrò, ìbẹ́pẹ. Ìwọ̀nba tí ara bá fẹ́ ló ń sọ di fítámì A nínú wọn. Ẹ má kàn jẹ́ kí epo pẹ́ lórí iná títí tí pupa rẹ̀ yóò fi ṣí, torí iná ń pa á run.

Lọ́dún 2009 ni ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mimiko bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìpínlẹ̀ wa, kí aláboyún má baà máa kú. Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní kùtùkùtù oyún, ẹ má ra oògùn fúnra yín.

Kí Ọlọ́hun sọ àwọn aláboyún wa kalẹ̀ láyọ̀, tìyá tọmọ. Āmīn.